Ọ̀gágun tí ó Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Gbé Oyè Sílẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ènìyàn mélòó ni ó ti fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ìjánu ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìdí èyí ni a fi fẹ́ sọ ìtàn José de San Martín fún yín, ẹni tí ó jà fún òmìnira ilẹ̀ mẹ́ta ní Gúúsù Amẹ́ríkà: Argentina, Chile àti Peru.

Ní Yapeyú, ìletò kan ní ilẹ̀ Argentina ti òní, ni a bí i sí ní ọdún 1778. Ọba Sípéènì ni ó ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà nígbà náà. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sí Sípéènì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ogun, ó sì lé ní ogún ọdún tí ó fi sin ọba náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ pé àwọn ará ilé ti dìde láti ṣe àkóso ara wọn, ó kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ sí Buenos Aires ní ọdún 1812. Ní ọdún kan náà ni ó gbé Remedios de Escalada ní ìyàwó.

San Martín rí i pé níwọ̀n ìgbà tí agbára Sípéènì bá fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Lima, olú-ìlú Peru, kò sí ilẹ̀ kan ní agbègbè náà tí yóò ní ìsinmi. Nítorí náà ó pinnu láti gba orí òkè Andes lọ sí Chile, kí ó sì ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Peru. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1817, nǹkan bí 5,000 ènìyàn ni ó bá a gòkè, pẹ̀lú ìbáaka tí ó lé ní 9,000. Òtútù ibẹ̀ pọ̀, mímí sì ṣòro nítorí gíga òkè náà. Àlùbọ́sà àti aáyù ni wọ́n fi ń ṣe oògùn rẹ̀. Kò tó ìdajì àwọn ìbáaka náà tí ó dé òdì kejì láàyè.

Ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ogun náà, àwọn ọmọ Áfríkà àti àtọmọdọ́mọ wọn. Ẹrú ni wọ́n tẹ́lẹ̀. A ṣe ìlérí òmìnira fún wọn bí wọ́n bá jà. Wọ́n jà ní Chacabuco ní ọdún 1817, wọ́n jà ní Maipú ní ọdún 1818, wọ́n sì bá a dé Peru. Díẹ̀ nínú wọn ni ó padà sí ilé.

Lẹ́yìn ìṣẹ́gun Chacabuco, àwọn ará Santiago fi ipò olórí Chile lọ̀ ọ́. Ó kọ̀ ọ́. Wọ́n fún un ní 10,000 peso. Ó ní kí wọ́n fi dá ilé ìkàwé sílẹ̀. Ní Lima, níbi tí ó ti kéde òmìnira Peru ní ọjọ́ 28 oṣù keje 1821, ó gba oyè Aláàbò ilẹ̀ náà, ó sì pàṣẹ pé ọmọ tí ẹrú bá bí láti ọjọ́ náà lọ kì yóò jẹ́ ẹrú.

Ṣùgbọ́n ogun kò tíì tán. Àwọn ọmọ-ogun Sípéènì ṣì pọ̀ ní orí òkè, ti San Martín kò sì tó wọn. Ní oṣù keje 1822 ó lọ sí Guayaquil láti pàdé Simón Bolívar, ẹni tí ó ti ṣẹ́gun wá láti ìhà àríwá. Àwọn méjèèjì ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni kẹta nínú yàrá. Nígbà tí ó jáde, San Martín ti mọ ohun tí òun yóò ṣe. Àgbò méjì kì í mu omi nínú akèrègbè kan. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án, ó gbé àṣẹ lé ọwọ́ ìgbìmọ̀ aṣòfin Peru, ó sì jáde kúrò ní Lima ní òru ọjọ́ náà. Ẹlòmíràn ni ó gba ògo ìparí: Sucre, igbákejì Bolívar, ni ó ṣẹ́gun Sípéènì ní Ayacucho ní ọdún 1824.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a gbójú fo ìyà tí ilé rẹ̀ jẹ. Ní oṣù kẹjọ 1823, aya rẹ̀ kú ní Buenos Aires; ọkọ rẹ̀ kò sí nítòsí. Mercedes, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún méje, ìgbà díẹ̀ ni ó sì ti fojú kan baba rẹ̀. Ní ọdún 1824 San Martín mú un lọ sí Yúróòpù. Ẹni tí ó ti pàṣẹ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wá jókòó ní Brussels ní ọdún 1825, ó kọ ìlànà ẹ̀kọ́ ọmọ yìí sílẹ̀: kí ó fẹ́ òtítọ́, kí ó ṣàánú tálákà, kí ó ṣe pẹ̀lẹ́ sí ìránṣẹ́ àti arúgbó, kí ó pa àṣírí mọ́, kí ó má sì gan ẹ̀sìn ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1829 ó wọ ọkọ̀ padà dé ẹnu Buenos Aires, ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé àwọn ará ilé ń bá ara wọn jagun. Kò sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú náà. Kò fẹ́ yọ idà sí ará ilé. Ó padà sí Yúróòpù, ó sì kú ní Boulogne-sur-Mer ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ 1850. Mercedes wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1880 ni a gbé òkú rẹ̀ padà sí Buenos Aires.

Ẹ̀yin baba àti ìyá, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ olórí ní ibì kan, nínú ẹbí, nínú ẹgbẹ́, tàbí níbi iṣẹ́. Bí ó bá di pé iṣẹ́ náà yóò bàjẹ́ bí a bá dúró, àwa yóò ha lè dìde kúrò lórí àga bí? Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé àwọn ará ilé wa kò lè máa dúró títí di ìgbà tí ogun wa yóò tán. San Martín rí ààyè láti tọ́ Mercedes; Remedios kò dúró dè é.