Kíkọ́ iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà fúnra ẹni ní Libreville

Kíkọ́ iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà fúnra ẹni ni kí ènìyàn máa fi ìwé, fídíò àti ohun ìkẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ bí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, láìjókòó síwájú olùkọ́. Ní Avéa àti àwọn àdúgbò mìíràn ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ̀n, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbilẹ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, kì í ṣe àìrí ohun kíkà ni ìṣòro akẹ́kọ̀ọ́, bí kò ṣe yíyan èyí tó péye, tó sì wà ní èdè tó yé e.

Ìtàn
Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣe àjèjì ní Libreville. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1971, àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn ní Fort-Lamy (N'Djamena òde òní) láti dá Institut Africain d'Informatique sílẹ̀, wọ́n sì fi Libreville ṣe ibùjókòó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka rẹ̀ dé Yaoundé àti Lomé. École 241, tí 241 inú orúkọ rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà ìpè Gàbọ̀n, tún ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, àyè ilé ìwé kì í kárí gbogbo ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́.

Àwọn ohun ìkẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Faransé
OpenClassrooms ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù. Mathieu Nebra, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1999, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13, nítorí pé àwọn ìwé ìgbà náà le jù fún olùbẹ̀rẹ̀. Site du Zéro ni orúkọ rẹ̀ títí di ọdún 2013. Gérard Swinnen, olùkọ́ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, kọ ìwé kan lórí èdè Python tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Àlàyé tí àwọn tó ń ṣe Python fúnra wọn kọ náà wà ní èdè Faransé, bẹ́ẹ̀ sì ni MDN, tó dá lé iṣẹ́ ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí a ti ń dá èyí tó dára mọ̀
Ohun àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí ẹ̀kọ́. Àtìlẹ́yìn fún Python 2 dópin ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2020. Ẹ̀kọ́ tó bá kọ àṣẹ print láìfi àkámọ́ sí iwájú rẹ̀ ti ogbó: Python 3 kì yóò gbà á, olùbẹ̀rẹ̀ yóò sì rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun kejì ni iṣẹ́ àṣetiléwá, nítorí pé wíwo fídíò nìkan kò sọ ènìyàn di oníṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí wíwo aránṣọ kò ti sọ ẹnikẹ́ni di aránṣọ. Ohun kẹta ni kí ẹ̀kọ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì parí ọ̀kan kó tó mú òmíràn.

Kíkọ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì
Ní Gàbọ̀n, ohun tó ṣeé pamọ́ ṣe iyebíye. Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ọjọ́ ìdìbò ààrẹ, ìjọba ti íntánẹ́ẹ̀tì pa. Ọjọ́ 30, tí àwọn ọmọ ogun gba ìjọba, ni ó tó padà. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2016. Ẹ̀kọ́ ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan dúró. Ẹni tó ti gba ìwé Swinnen tàbí àlàyé Python sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè máa bá tirẹ̀ lọ. Ètò Kiwix náà ń jẹ́ kí a ka odindi Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìpamọ́ yìí tún ń dín owó dátà kù, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gba ìwé, a sì lè kà á títí.