Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Abiyamọ Lẹ́hìn Ìbímọ



Nígbà tí obìnrin bá bímọ láàárín wa, tọmọdé tàgbà a máa kí i pé, “Ẹ kú ewu ọmọ.” Ìkíni yìí jẹ́rìí pé ewu wà nínú ìbímọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán ní ọjọ́ kẹjọ, a rò pé ewu ti kọjá, àlàáfíà ọmọ nìkan ni a sì ń bèèrè. Ọ̀rọ̀ mi ni pé ewu kan kù tí ojú kì í tètè rí, èyíinì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ìyá, àti pé a lè mọ ẹni tí ó súnmọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀. Èkíní ni ẹkún tí í máa ṣe ọ̀pọ̀ abiyamọ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún. Èyí a máa lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ 2 tó pé. Èkejì ni abísínwín. Ó ṣọ̀wọ́n, bí obìnrin 1 tàbí 2 nínú 1,000, ilé ìwòsàn ni a sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí à ń wí. Kì í pariwo. Ìyá náà ń wẹ ọmọ, ó ń fún un lọ́mú, ṣùgbọ́n ayọ̀ kò sí, oorun kò sí, ó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Kí ni ń ṣí ilẹ̀kùn fún un? Ní 2005 a tẹ ìwádìí kan jáde, èyí tí àwọn oníṣègùn ṣe láàárín obìnrin 876 ní Iléṣà, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́hìn ìbímọ. Bí 15 nínú 100 ni àmì àìsàn yìí wà lára wọn. Ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn tí a ti dá dúró ní ilé ìwòsàn nígbà oyún, àwọn tí a fi iṣẹ́ abẹ tàbí irin gbẹ̀bí wọn, àwọn tí oṣù ọmọ wọn kò pé, àwọn tí kò lọ́kọ, àti àwọn tí ó bí ọmọbìnrin. Ẹ kíyèsí èyí tí ó kẹ́hìn. Lójú tèmi, ọmọ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ojú tí ará ilé fi ń wo ìyá rẹ̀ ni ó yẹ kí a yẹ̀wò.

Ìwádìí ibòmíràn fi kún un pé ẹni tí irú àìsàn yìí ti ṣe rí, tàbí tí ó ti ń ṣe láti inú oyún, ni kí a ṣọ́ jùlọ. Lẹ́hìn rẹ̀ ni ẹni tí ọkọ ń lù, ẹni tí òṣì ń ta, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, àti ẹni tí kò rí olùrànlọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n àwọn ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀ wò.

Élì àlùfáà rí Hánnà nínú ìbànújẹ́, ó sì pè é ní ọ̀mùtí. Èmi náà ti bá abiyamọ kan wí rí pé aláìmoore ni. Àìsàn ni ó ń ṣe é.

Ní 1987 John Cox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Skọ́tíláńdì tẹ ìbéèrè 10 jáde, tí a fi ń mọ àìsàn yìí. Àwọn nọ́ọ̀sì lè bi ìyá ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìmọ̀ràn àti oògùn wà fún un. Bí ìyá bá sì wí pé ikú yá ju ayé lọ, ẹ máṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ mú un tọ oníṣègùn lọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí a bá ti tún orí ọmọ ṣe tán, ẹ jẹ́ kí a bèèrè àlàáfíà ẹni tí ó pọ̀n ọ́n.