Gymnote: Ọkọ̀ Abẹ́ Omi àti Orúkọ Rẹ̀

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọkọ̀ abẹ́ omi tí ilẹ̀ Faransé sọ̀ sí omi ní Toulon ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1888 mu. Gymnote ni wọ́n pè é. Ẹja tí iná ń bẹ lára rẹ̀ ni orúkọ yìí ń tọ́ka sí. Ó fi ìwà jọ ẹja òjijí tiwa. Iná mànàmáná nìkan ni ó sì ń wa ọkọ̀ náà.

Dupuy de Lôme ni ó kọ́kọ́ gbèrò iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ó kú ní ọdún 1885 láìparí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Gustave Zédé, ni ó gbà á ṣe. Gígùn ọkọ̀ náà kò ju nǹkan bíi mítà 18 lọ, bátìrì 564 ni ó sì gbára lé. Kò ní ẹ̀rọ tí ó lè tún fi iná kún bátìrì wọ̀nyí lójú agbami. Bí iná bá tán, àfi kí ó padà sí èbúté. Ìdí nìyí tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fi lè ṣe ju kí ó máa ṣọ́ ẹnu èbúté lọ.

Narval, iṣẹ́ ọwọ́ Maxime Laubeuf, tí a sọ̀ sí omi ní ọdún 1899, ni ó tú okùn yìí: ẹ̀rọ oníooru ń wà á lójú omi, ó sì ń fi iná kún bátìrì rẹ̀.

Àkíyèsí wa ni pé apá kan ìtumọ̀ ni orúkọ Gymnote gbé. Òjijí a máa ti inú ara rẹ̀ pèsè iná rẹ̀. Èbúté ni ọkọ̀ yìí ti ń lọ gba tirẹ̀.