Bí Ohùn Rédíò Ti Lè Já Gaara Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dàbí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ilé ná owó tí kò yẹ kí wọ́n ná. Láàárín àwọn ará wa tí wọ́n ṣí láti Èkó wá kọ́lé sí Mowe àti Ibafo, àti àwọn tí ń bẹ ní ìhà Ifo, ìráhùn kan náà ni a máa ń gbọ́: ẹ̀rọ tí a rà kò dára, àfi kí a ra òmíràn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwa náà wí. Ìyá wa àgbà, tí ọjọ́ orí wọn ti ju 80 ọdún lọ, fẹ́ràn ìròyìn ní èdè Yorùbá púpọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti kó wọ ilé tuntun ni Mama ti ń wí pé inú ìkòkò ni àwọn oníròyìn ń sọ̀rọ̀ sí. A rò pé etí wọn ni ó ń lọ sílẹ̀, a sì ti ń tọ́jú owó fún ẹ̀rọ tí yóò pariwo jù ti ìṣáájú lọ. Àṣé a ṣẹ̀ wọ́n. Pálọ̀ wa ni ó ní àbùkù.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Ilé ìsinsìnyí jẹ́ sìmẹ́ńtì dídán, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ táìsì, fèrèsé rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ohùn a máa rin nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà nínú yàrá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 4, yóò ti lu ògiri lọ, lu ògiri bọ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí ó tó kú. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú kò tí ì parẹ́ tí èkejì fi gorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wọ yàrá tí a kò tí ì kó ẹrù sí, kí ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Nínú èdè tiwa pẹ̀lú, bí ọ̀rọ̀ bá dàrú mọ́ ara wọn, báwo ni àgbàlagbà yóò ti mọ̀ bóyá igbá ni wọ́n pè tàbí ìgbà?

Aṣọ fèrèsé tí ó nípọn, kápẹ́ẹ̀tì níwájú àga, àti pẹpẹ ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni oògùn rẹ̀. Àwọn kan a máa lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri. A kò gbà wọ́n ní ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ohun tí páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè gbà mú kò tó nǹkan, àfi aáyán tí yóò kó wá.

Ẹ má ṣe gbé sípíkà sí kọ̀rọ̀ ilé lórí ilẹ̀, nítorí kọ̀rọ̀ a máa sọ ohùn ìsàlẹ̀ di ńlá títí yóò fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fà á kúrò lẹ́bàá ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 2, kí ẹ sì gbé e ga tó etí ẹni tí ó jókòó. Bí ó bá jẹ́ méjì, kí àwọn méjèèjì àti àga olùgbọ́ jìnnà sí ara wọn dọ́gba bí ààrò mẹ́ta.

Wáyà ni ó yà wá lẹ́nu jù. Oníṣẹ́ tí ó bá wa so ó ti so pupa mọ́ dúdú lára sípíkà kan. Nígbà tí ọ̀kan ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn, ohùn ìsàlẹ̀ sì ń pa ara rẹ̀. A yí i padà láìná kọ́bọ̀, ìgbà náà ni a tó gbọ́ agídìgbo nínú àpàlà Haruna Ishola, olórin Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó kú ní 1983.

Ní ti iná, bí ẹ̀rọ bá ń kùn hùnùnù, ìgbọ̀n iná mànàmáná ni, èyí tí ó jẹ́ 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní Nàìjíríà. Ẹ so tẹlifíṣọ̀n àti ampilifáyà mọ́ ojú kan náà. Ẹ má gé ẹsẹ̀ tí ń gbé iná wọ ilẹ̀ kúrò, nítorí ẹ̀mí ni ó ń dáàbò bò. Inífátà olówó pọ́ọ́kú a máa kùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn, ariwo rẹ̀ sì ni ó ń mú kí a gbé rédíò sókè ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn tí ń gbé lẹ́bàá títì Èkó sí Ìbàdàn, kí wọ́n yan yàrá ẹ̀yìn. Bí òjò bá ń lu páànù, kí a kúkú pa ẹ̀rọ.

Nígbà tí Rediffusion bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní December 1935, wáyà ni ó ń gbé ohùn wá sínú àpótí ara ògiri, tí àwọn baba wa sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹni tí ó ni ín kò lè ṣe ju kí ó gbé e sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lọ. Àwa ní bọ́tìnì púpọ̀, àwọn ọmọ wa sì ń yí ohùn ìsàlẹ̀ dé òpin. Fún ìròyìn, ẹ dín in kù.

Ní báyìí, Mama ni ó ń ké sí àwọn ọmọ pé kí wọ́n rẹ rédíò sílẹ̀.