Ohun Tí A Rì Mọ́lẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Di Ìgbàgbé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀pá Gáàsì ní Àdúgbò

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ ọ̀pá gáàsì, nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò tíì tán nílẹ̀. Ìdáhùn mi kò gùn. Nígbà tí mo ka ìtàn àwọn jàǹbá tí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ti dá sílẹ̀, mo rí i pé kí irin tó já, ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ já. Ẹni tí ó mọ̀ kò sọ. Ẹni tí ó yẹ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kọ ọ́ lódì. Ẹni tí ó kọ́lé sórí rẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan kan. Èyí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò kí ìjíròrò wa tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Gáàsì tí a ń fà jáde láti inú ilẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Inú ọ̀pá ńláńlá ni ó ń gbà rìn, pẹ̀lú ipá púpọ̀. Bí ó bá dé ìlú, a óò dín ipá rẹ̀ kù, a óò sì pín in sínú àwọn ọ̀pá kéékèèké tí ó wọ ilé àti ilé iṣẹ́. Bí ó bá jò ní gbangba, ó lè fò lọ sókè, nítorí pé ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá kó jọ sínú yàrá tàbí sí abẹ́ ilé, ẹ̀ta iná kan ṣoṣo tó láti sọ ilé náà di òkìtì àlàpà.

Imú ni olùṣọ́ kìn-ín-ní. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 1937, ilé ẹ̀kọ́ kan bú gbàmù ní ìlú New London, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí àwọn ọmọ jáde. Nǹkan bí 300 ènìyàn ni ó kú, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Kí ìnáwó lè dín kù, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ti lọ so ilé ẹ̀kọ́ náà mọ́ ọ̀pá gáàsì àjẹkù tí ó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń wa epo. Gáàsì yìí jò sí abẹ́ ilé, kò sì sí imú tí ó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ọ̀fọ̀ náà ni ìjọba Texas ṣe òfin pé kí a máa po èròjà olóòórùn mọ́ gáàsì. Mercaptan ni wọ́n ń pe èròjà tí à ń lò. Òórùn rẹ̀ dà bí ti ẹyin òbu. Òórùn tí imú ń sá fún yìí ti di èdè ìkìlọ̀, ikú àwọn ọmọdé ni ó sì kọ́ ayé ní èdè náà.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni olùṣọ́ kejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2010, ọ̀pá gáàsì kan tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ 30 íǹṣì bẹ́ lábẹ́ àdúgbò kan ní San Bruno, ní ìpínlẹ̀ California. Ọkọ̀ òfuurufú ni àwọn kan kọ́kọ́ rò pé ó já lulẹ̀. Ènìyàn 8 kú, ilé 38 sì jó tán. Ọdún 1956 ni a ti ri ọ̀pá náà mọ́lẹ̀. Nínú ìwé ilé iṣẹ́ tí ó ni ín, Pacific Gas and Electric, a kọ ọ́ pé ọ̀pá tí kò ní ojú ìjó ni. Àwọn olùwádìí ìjọba hú u jáde, wọ́n sì bá ojú ìjó lára rẹ̀, èyí tí a kò jó dénú. Kò sí ẹni tí í wá ojú ìjó lára ohun tí ìwé ti wí pé kò ní. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn panápaná ìlú náà kò mọ̀ pé irú ọ̀pá ńlá bẹ́ẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀ wọn kọjá. Ìṣẹ́jú 95 ni ó sì gbà kí a tó dá gáàsì náà dúró, nítorí pé ọwọ́ ni a fi ń ti àwọn fáàfù tí ó wà nítòsí, àwọn òṣìṣẹ́ sì ní láti wa ọkọ̀ débẹ̀. Ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó pàṣẹ pé àwọn ọ̀pá ńlá tí a bá ń rì ní titun gbọdọ̀ ní fáàfù tí a lè tì láàárín 30 ìṣẹ́jú tí a bá ti mọ̀ pé ọ̀pá bẹ́.

Bí ìwé bá sì fo ohun kan dá, bákan náà ni ó rí. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2018, ní Lawrence, Andover àti North Andover, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, iná sọ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ọ̀pá oníke rọ́pò ọ̀pá irin àtijọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń mọ ìwọ̀n ipá gáàsì ṣì wà lára ọ̀pá àtijọ́ tí a ti pa tì. Ètò iṣẹ́ tí a kọ fún wọn kò sì mẹ́nu kàn án. Ẹ̀rọ náà wá dà bí alásè tí ń tọ́ ìkòkò kan wò, tí ó sì ń da iyọ̀ sí ìkòkò mìíràn. Bí ipá ti ń lọ sílẹ̀ nínú ọ̀pá àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń rọ́ gáàsì sínú titun.

Olùṣọ́ kẹta ni àwọn ará àdúgbò fúnra wọn. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2007, ẹni tí ó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ lè pe nọ́ńbà 811, kí àwọn tí ó ni ohun abẹ́ ilẹ̀ lè wá fi ọ̀dà sàmì sí i. Ọ̀dà pupa rúsúrúsú bí ìyeyè ni ti gáàsì. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti ìpínlẹ̀ Ògùn ni ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń lọ sí etíkun Àgbádárìgì, kí ó tó gba abẹ́ òkun lọ sí Benin, Tógò àti Gánà. Ní Ìkẹjà, ọ̀pá gáàsì ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí àwọn ilé iṣẹ́. Bí a bá kọ ìkìlọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ní èdè tí ìyá alákàrà ibẹ̀ kò gbọ́, a kò tíì kìlọ̀ fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ọmọ mọ̀ kò ju báyìí lọ: bí o bá gbọ́ òórùn gáàsì, má ṣáná, má tan iná mànàmáná, bí ó bá sì wà ní títàn, má pa á. Jáde, pe àwọn yòókù jáde, kí o sì ti òkèèrè ránṣẹ́ sí panápaná. Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ bèèrè ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ yín, ọdún tí a rì í, àti ibi tí fáàfù rẹ̀ wà. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Àwọn àgbà ní, ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ti ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ará iwájú ti jìn sí kòtò yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó kù sí ọwọ́ àwa tí à ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo dúró níbí ná, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè fi tiwọn kún un.