Ṣé o mọ̀? Ìtàn ìgbésí ayé tí wọ́n ń kà níbi ìsìnkú

Nínú ìjọ Moravian, tó fìdí kalẹ̀ sí Herrnhut ní Jámánì lọ́dún 1722, ọmọ ìjọ a máa kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, tàbí kó rò ó kí ẹlòmíràn kọ ọ́, kí wọ́n lè kà á níbi ìsìnkú rẹ̀. Andrew, ọmọ Ìgbò tí wọ́n kó lẹ́rú dé Bethlehem ní Pennsylvania, ní tirẹ̀: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi í ṣọfà nítorí ewúrẹ́ méjì.

Yíya fọ́tò irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò tó. Ọwọ́ ìkọ̀wé Kurrent àtijọ́ ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú wọn. “E” àti “n” inú rẹ̀ jọra bí ìbejì, ọ̀pọ̀ ará Jámánì gan-an ò rí i kà mọ́. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àkójọ Moravian Lives fi ń tún ọ̀rọ̀ inú wọn tẹ̀. Àwọn kan á ní àwọn àlùfáà ti tún ìtàn náà ṣe, pé kò ṣeé gbára lé. Òótọ́ ni pé wọ́n ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀dà méjì bá wà, bí a bá tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ohun tí wọ́n gé kúrò á hàn kedere.