Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Bí a ṣe ń tún ògbólógbòó Land Rover ṣe nílé

Nígbà tí Land Rover kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1948, irin ṣọ̀wọ́n nítorí ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú bọ́dì rẹ̀, àmọ́ irin ni ṣáàsì tó gbé e dúró. Ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀: omi àti ẹrẹ̀ á wọnú ṣáàsì, wọ́n á sì máa jẹ ẹ́ láti inú wá.

✅ Ẹ fi òòlù kékeré lu ṣáàsì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bó bá dún goro bí agogo, ó ṣì le. Bí ìró rẹ̀ bá kú, tí èérún pupa sì ń jábọ́, ẹ pe wẹ́dà tó mọṣẹ́.

✅ Ẹ wo ibi tí alumíníọ̀mù ti kan irin. Bí lẹ́búlẹ́bú funfun bá wà níbẹ̀, ó ti ń jẹrà.

✅ Ẹ tún bíréèkì ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ẹ pààrọ̀ páìpù rọ́bà tó bá ti sán.

✅ Bí owó bá wà, ẹ ra ṣáàsì tuntun tí wọ́n rì sínú síǹkì gbígbóná. Kì í tètè dípẹtà.

⚠️ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Jáàkì lè yẹ̀ nígbàkigbà. Ẹ fi ẹsẹ̀ irin tó lágbára tì í kí ẹ tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀mí ò ní sípíà.